Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Ọ̀gá Tó Fọ Táìlì Wa Mọ́

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ọ̀sìn Ọ́sítà

Sí ìyàwó olóògbé ọ̀gá wa àgbà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀

Màmá wa,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, irú èyí tí ìwé òfin ẹgbẹ́ wa là sílẹ̀ fún ikú ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá, ni àwa òṣìṣẹ́ fi gba ìròyìn pé ọkọ yín ti papò dà lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Bí ìròyìn náà ṣe kàn wá lára, a pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, a dìde dúró, a sì dákẹ́. Ẹni tó ń bọ́ àwọn ọmọ ọ́sítà ló bẹ̀ wá pé kí a má dákẹ́ pẹ́ jù, nítorí àwọn ọmọ inú omi kò mọ̀ pé ọ̀gá kú, atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́. A tan ẹ̀rọ padà, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n a dákẹ́ lóòótọ́, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Èmi akọ̀wé ni mo kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́ nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, níbi tí àwọn bàtà rọ́bà wa ń kán omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ yín fi wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ẹ kò rí ẹnikẹ́ni láti ibi iṣẹ́. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti kú náà, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n olóògbé ti jókòó sí pálọ̀ yín, tó ń bi àwọn ẹbí léèrè pé irú èèyàn wo ló máa ń fi ọdún gbọọrọ ṣe ọ̀gá níbì kan, tí èèyàn kan ṣoṣo kò ní wá kí opó rẹ̀, àti pé ó ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹ̀yin lẹ lé èèyàn kúrò lọ́dọ̀ àbúrò òun. Ẹ ní àwọn ọmọ wà nínú yàrá, wọ́n sì ń gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo lẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ ní lọ́jọ́ ìsìnkú, kí ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ dìde níwájú gbogbo ẹbí, kó sọ bí ọkọ yín ṣe bá èèyàn gbé. Ẹnì kan péré. Ẹ ní tí kò bá sí ẹni tó dìde, ẹ kò mọ ojú tí ẹ máa fi wo àwọn àna yín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara, a sì jókòó lé e lórí. Ẹ ó rí èsì wa nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìkẹ́dùn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin òkú.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwa náà fẹ́ gbẹ́ ère fún ọ̀gá wa, a ó sì gbìyànjú kó jọ wọ́n.

Ìmọ́tótó ni ọ̀gá wa fi ta gbogbo wa yọ. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn wá bá wa, wọn kò sì fi ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìnujú funfun kan wà tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi nu ọwọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n á fi nu àga kí wọ́n tó jókòó. Bí wọ́n bá bọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á nu ọwọ́ tiwọn lójú ẹni náà gan-an, kó tó yí ẹ̀yìn padà. Wọn kì í ṣe ojú ayé. Awakọ̀ wọn kò gbọdọ̀ lanu nínú ọkọ̀, kí itọ́ má bàa ta sí wọn lẹ́yìn ọrùn, ọkùnrin náà sì ti di ẹni tó ń fi orí dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn nílé. Ọ̀gá Fọ̀ọ́mọ́ ni a ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé orúkọ ìnagijẹ wọ inú ìwé ìkẹ́dùn. Ìfẹ́ ló fà á, tàbí ohun tó jọ ọ́.

A kì í sì í torí pé inú ń bíni sọ pé adìyẹ kò ní ìyẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń fa omi òkun bàjẹ́, ọ̀gá wa bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, wọ́n sì bá wa ru korobá láti etí omi títí gbogbo ọpọ́n tí a ń sin ọmọ ọ́sítà sí fi kún. Kò sí ẹni tó rán wọn. Korobá tiwọn kò dín ní omi ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí a fi ọṣẹ fọ gbogbo korobá náà àti ojú ọ̀nà tí a gbà, ṣùgbọ́n èyí kò bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, a sì kọ ọ́ síbí nítorí ó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ó fi máa rántí wọn jù ni ti yàrá ìjókòó àwọn ọmọ ọ́sítà. Nítorí pé ẹ lè fẹ́ ka ìwé yìí fún àwọn ẹbí, tí wọ́n lè má mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀.

Ọ́sítà ni ẹran inú omi iyọ̀ tó ní ìkarahun méjì tó pàdé bí ìkòkò àti ọmọrí. Nígbà tó bá wà lọ́mọdé, kò tó hóró iyanrìn, ó sì máa ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láìdúró níbì kan. Tó bá yá, ojú dúdú bíńtín kan á yọ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á yọ, á wá sọ̀kalẹ̀ láti wá ibi tó máa jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń jókòó láyé rẹ̀. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ lónìí, ibẹ̀ ló máa dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣa ibi tó máa jókòó sí ju bí ìyá ọmọge ṣe ń ṣa àna lọ. Nínú òkun, orí ìkarahun àwọn àgbà tó ti ṣáájú rẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ní ilé-iṣẹ́ tiwa, táìlì tí a fi ẹfun rẹ́ la ń tẹ́ fún un, a sì gbọ́dọ̀ tàn án kó lè gbà pé ilé ni.

Obìnrin kan ló ń bójú tó ìtànjẹ yìí nígbà náà. Onítáìlì la ń pè é, òun ni olórí yàrá ìjókòó. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti gba tiwa nínú rẹ̀. Onítáìlì máa ń rẹ táìlì sínú omi òkun títí awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, tó sì pọ́n bí ẹrẹ̀, á fi bò ó. Lẹ́yìn náà á bu omi tí àwọn àgbà ọ́sítà ti sùn nínú rẹ̀ dà sí i, kí ọmọ lè gbọ́ òórùn àwọn èèyàn rẹ̀. Táìlì tó bá mọ́ tónítóní, ọmọ ọ́sítà kò ní jókòó sí i. Bí àlejò tó wọlé tí kò gbóòórùn oúnjẹ ló ṣe máa ń ṣe, á ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, á sì máa lọ.

Àwọn àlejò pàtàkì wá fẹ́ wo ilé-iṣẹ́ wa. Kí wọ́n tó dé, ọ̀gá wa wọ yàrá ìjókòó, wọ́n fi ìnujú wọn nu ojú táìlì kan, wọ́n sì gbé e sókè fún gbogbo wa. Ó ti pọ́n. Wọ́n bi Onítáìlì pé, “Ṣé ibi tí ẹ ti ń sin nǹkan téèyàn máa fi sẹ́nu nìyí?” Onítáìlì dá wọn lóhùn pé, “Ọ̀gá, ohun tí wọ́n ń sùn lé nìyẹn. Tí ẹ bá lè fọ̀ ọ́, kò sí èyí tó máa jókòó nínú wọn.” Ọ̀gá wa ní kò sí ilé tí wọ́n ti ń sùn lórí ìdọ̀tí, àfi ilé tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde sí gbangba, kó fi búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun fọ̀ ọ́, kó sì sá a sóòrùn. Ó fọ̀ ọ́. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn dúró tì í títí ó fi parí, wọ́n sì dá àwọn kan padà fún un pé kò tíì mọ́ tó.

Àwọn àlejò dé, wọ́n rí táìlì funfun tí a tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ya àwòrán. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ọjọ́ náà la rí lórí ìkéde ìsìnkú tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó dára púpọ̀, ẹ̀rín yẹ wọ́n. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ èjìká wọn lápá òsì dáadáa, ẹ ó rí ọwọ́ obìnrin kan tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ẹni tó gé àwòrán náà ló gé ìyókù rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí a da àwọn ọmọ ọ́sítà sí orí táìlì náà, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, wọ́n sì gbéra. Wọ́n lọ sí òmíràn, wọ́n fi ẹsẹ̀ kàn án, wọ́n tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí okun fi tán nínú wọn. Gbogbo ọmọ tí a ti ń tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló kú, wọ́n sì balẹ̀ sí ìdí ọpọ́n bí eérú tó rin omi.

Ọ̀gá wa pè wá jọ sí gbangba. Wọ́n ní Onítáìlì ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ọṣẹ sílẹ̀ lára táìlì, kó lè dójú ti àwọn. Wọ́n ní kí ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀wọ́, kó fi ọwọ́ lásán bu àwọn òkú náà jáde, kó máa gbé wọn lọ dà sí ààtàn tó wà lẹ́yìn ọgbà, kí àwa sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ká máa wò ó. Ẹnubodè ló gbọ́dọ̀ gbà, ojú títì ni, àwọn èèyàn ń kọjá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, omi òórùn náà ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, ọ̀gá wa sì dúró sí ẹnubodè, wọ́n fi ìnujú bo imú. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó sì máa lọ sílé. Wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n pe gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa láti sọ fún wọn pé obìnrin kan wà tó ń fi ọṣẹ pa ọmọ ọ́sítà. Ilé oúnjẹ tó wà nídìí gáréèjì ló ti ń fọ àwo báyìí.

Nígbà tí àwọn ọmọ mìíràn tún máa jókòó, ọ̀gá wa pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ táìlì. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, wọn kò sì ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni padà. Àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n sì pọ̀ débi pé àyè kò gbà wọ́n mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ wa ti ń tẹ̀ síwájú, gbogbo ìwé ìyìn tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà, tí ẹ fi kọ́ pálọ̀ yín, orí ẹ̀kọ́ yìí ló dúró lé. A kò lè gbẹ́ ère wọn ká fi èyí sílẹ̀.

Màmá wa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀bẹ̀ yín. Alága ẹgbẹ́ wa bèèrè ẹni tó máa lọ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Awakọ̀ ní eyín ń dun òun. Ẹni tó ń bọ́ àwọn ọmọ ọ́sítà ní òun lè sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá máa gba òun láyè láti kọjú sí ibòmíràn. Ọlọ́dẹ ẹnubodè ní òun á lọ, ṣùgbọ́n láti wò ó bóyá wọ́n kan pósí náà dáadáa ni. Ẹgbẹ́ ti bá a wí, ó sì ti tọrọ àforíjì. Níkẹyìn Alága ní kí wọ́n lọ pe Onítáìlì wá.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn kan takò ó. Wọ́n ní ẹ̀yin kò ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní opó ni yín, ẹ kò sì mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ohunkóhun tí ọkọ yín ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni, ẹ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Onítáìlì náà kò mọwọ́mẹsẹ̀. A dìbò, àwọn tó ní kí ó wá ló pọ̀ jù.

Láti ibi àwo ló ti wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì hun jọ nítorí omi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàtà rọ́bà, mo sì ka ìwé yín fún un. Ó ní kí n tún ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú yàrá kà. Mo tún un kà. Ó ní, “Èmi ni màá lọ.”

Alága bi í pé kí ló máa sọ. Ó ní, “Ìyàwó ẹ̀ ló ní kẹ́nì kan wá sọ bó ṣe bá wa gbé, àbí? Màá sọ ọ́.” Alága ní bóyá kí ẹgbẹ́ bá a kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè kà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ò rí nǹkan kan sọ lọ́jọ́sí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú báyìí.” A kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nítorí náà, inú wa dùn láti fi tó yín létí pé ẹgbẹ́ ti gba ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹnì kan yóò dìde. A bẹ̀ yín kí ẹ fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún un níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó máa wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má dá a dúró nítorí aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Àwa náà yóò gbé òdòdó wá, a ó sì pé, nítorí kò sí ẹni tí eyín ń dùn mọ́ nínú wa. A kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rò pé nítorí àwọn ọmọ yín, ó lè sọ̀rọ̀ rere. Àwọn kan kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ náà tó pé, kò sì ní wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó máa dìde, ohun tí ẹ̀gbọ́n olóògbé ń sọ ní pálọ̀ yín kò sì ní ní èsì. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín, a ó mọ̀ pé ẹ ti gbà á.

Kí Ọlọ́run tó ń tu opó nínú tètè dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú wa. Kó dáàbò bo àwọn ọmọ, kó má jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí obìnrin náà bá sì dìde, kí Ó fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ní okun láti jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àmín.

Tiyín nínú ìkẹ́dùn,

Akọ̀wé,
fún Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́